Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Aṣọ Àtijọ́ àti Aṣọ Titun Lórí Ẹ̀rọ Kan

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni a mú tọ̀ yín wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe aṣọ tí a ń kó jáde ní ọjọ́ ọdún ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe èyí tí ó ṣẹ́kù sábẹ́ tábìlì aránṣọ nígbà tí aláṣọ ti gba aṣọ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wí pé ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọdún tí ó kọjá ni a tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ilé àwa tìkára wa, ó sì ná wa ní ohun kan tí owó kò lè rà padà. Ìtàn náà kò fi wá hàn ní ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n nítorí tí a mọ̀ pé àpò àgékù aṣọ wà nínú ilé púpọ̀ nínú yín, àti ọkọ tí ó ń kùn sí i, a rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé fún ẹni tí kò tíì rí irú iṣẹ́ yìí rí. Aṣọ àránpọ̀ ni ìbora tí a fi àgékù aṣọ púpọ̀ rán pọ̀ di ọ̀kan. A ó gé àwọn àgékù náà sí ìwọ̀n kan. A ó rán wọn mọ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ títí wọn yóò fi di ojú kan. A ó sì rán ojú mọ́ ojú títí yóò fi fẹ̀ tó ibùsùn. Èyí ni òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó tẹ́ ohun tí ó nípọn díẹ̀ sí àárín, ìbáà ṣe òwú tàbí ògbólógbòó búláńkẹ́ẹ̀tì. A ó fi aṣọ kan ṣoṣo tí ó mọ́ ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. A ó sì fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri, kí ti àárín má baà wọ́ jọ sí ibì kan. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí àwọn ọmọ kò sì fẹ́ jí lọ wẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹni tí ó bá ní irú ìbora bẹ́ẹ̀ kò ní wá òmíràn lọ sí ọjà.

Iṣẹ́ yìí dùn, ṣùgbọ́n kò yá. Ènìyàn lè parí ojú kan ní ìrọ̀lẹ́ kan, ṣùgbọ́n odidi ìbora lè gba oṣù púpọ̀, pàápàá lọ́wọ́ ìyá tí ó ní oúnjẹ láti sè, ọjà láti ná àti ọmọ láti tọ́jú. Àgékù aṣọ kò sì ní dúró dè é. Bí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ yìí, àgékù aṣọ ẹbí yóò wọlé. Bí wọ́n bá sìnkú ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, òmíràn yóò tún wọlé. Ìyá ilé yóò wo ti àtijọ́ tí ó wà nínú àpò, yóò wo àwọ̀ titun tí ó ń dán níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì lọ sí ti titun. Kí ó tó mọ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ti wà nílẹ̀, ọ̀kan kò sì parí.

Báyìí ni ó rí ní ilé wa ní oṣù Kẹjọ ọdún tí ó kọjá. Èyí tí ó dàgbà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé ọdún 11. Aláró ni ìyá tí ó bí wa. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jẹ́ àwọ̀ aró, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí títí a fi tẹ́ ẹ sínú pósí. Nígbà tí ẹbí pín aṣọ rẹ̀, àwọn tí ó dára lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó tọ́ sí. Èyí tí ó ti gbó, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ni ó kan aya wa. Ó kó wọn wá sílé, ó fọ̀ wọ́n, ó sì gé wọn. Ojú 80 ni ó pinnu láti ṣe, 8 ní ìbú, 10 ní gígùn, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ínṣì 9 ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgékù 9 ni ó wà nínú ojú kan: 5 jẹ́ àdìrẹ ìyá wa, 4 jẹ́ aṣọ mìíràn. Ojú 49 ni ó ti ṣe láti ọdún yìí wá.

Èkejì ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nítorí ọjà ìkórè. Ó da lẹ́ẹ̀sì pọ̀ mọ́ àńkárá nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ ti ara wọn, ibi tí ọ̀kan ń fà ni èkejì ń sún jọ, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àkọ́bí wa obìnrin, ẹni tí ó wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí a sì ń retí pé yóò bímọ nígbà ọyẹ́. Ìbora ọmọ ọwọ́ ni, ojú 20 péré. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ náà àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń ṣe é.

Àwa tí a ń kọ ìwé ìṣirò ní ọ́fíìsì, tí a sì ń kọ́ àwọn olùgbọ́ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, a kò fẹ́ràn ohun tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí. A pe aya wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, a sì bá a wí. A rán an létí ọkùnrin inú Ìwé Mímọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò sì lè parí rẹ̀. A tún fi òwe ilé lé e, pé ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Ọ̀rọ̀ wa gùn, ó sì dára létí àwa fúnra wa. Nígbà tí a parí, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Ó sì lọ bu oúnjẹ wa wá.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, a gbọ́ pé àlùfáà kan ń bọ̀ wá sùn ní ilé wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, aya wa sì ti lọ sí ọjà. A wọ yàrá tí àlejò yóò sùn láti tún un ṣe, a sì rí àpò ńlá kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A tú ẹnu rẹ̀, àgékù aṣọ ni ó kún inú rẹ̀. A kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. A pe ọmọkùnrin tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, a ní, “Gbé àkísà wọ̀nyí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí o fi iná sí i.” Ọmọ tí ó gbọ́ràn ni, ó ṣe bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Èéfín náà ni aya wa rí láti ojú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó kù díẹ̀ kí iná náà kú. Ó fi igi tú eérú, ó sì mú èdì aṣọ kékeré kan jáde tí iná ti jẹ ìdajì rẹ̀. Àdìrẹ ìyá wa ni. Ó ti gé wọn sí ìwọ̀n, ó ti kà wọ́n ní márùn-ún márùn-ún, ó sì ti fi òwú dì wọ́n: gbogbo èyí tí ó yẹ kí ó fi ṣe ojú 31 tí ó kù. A rò pé yóò kígbe. Ìbá sàn fún wa bí ó bá kígbe. Ohun tí ó sọ kò ju báyìí lọ: “Bàbá, aṣọ Ìyá ni.”

Àlùfáà dé, ó jẹun, ó sùn, ó sì yìn wá fún yàrá tí ó mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò lè sọ bí ìyìn náà ti rí létí wa.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí a tó lè bẹ̀bẹ̀ bí ó ti yẹ. A jẹ́wọ́ ẹ̀bi wa, a sì bi í ní ohun tí ó yẹ kí a ti bi í kí a tó wàásù: kí ni ó dé tí iṣẹ́ náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ó dá wa lóhùn pé, “Bàbá, ẹ̀yin rò pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe mí. Bí mo bá jókòó ti aṣọ Ìyá, mo máa ń rí wọn. N kò lè ṣe ju ojú kan lọ ní ọjọ́ kan. Nígbà mìíràn n kò lè ṣe ju ọ̀kan lọ ní oṣù kan. Ti titun ni mo fi ń mú ọwọ́ mi gbóná, kí ó má baà gbàgbé iṣẹ́. Bí n kò bá ní ti titun lọ́wọ́, n kò ní padà sí ti àtijọ́ láéláé.” Ìgbà náà ni ó tó yé wa pé ohun tí a pè ní àìparí kì í ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo. Iṣẹ́ mìíràn wà tí ó dúró nítorí pé ọwọ́ rẹ ẹni. Òmíràn sì wà tí ó dúró nítorí pé ọkàn kò tíì lè gbé e.

Kì í ṣe aya wa nìkan ni ó ti fi aṣọ òkú ṣe ìbora. Ní ọjọ́ wọ̀nyí, bí a ti ń wá ohun tí a ó fi tù ú nínú, a ka ìtàn ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Gee's Bend ni orúkọ rẹ̀, ní àgbègbè Wilcox, níbi tí odò Alabama ti yí ilẹ̀ ká ní apá mẹ́ta. Àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, àwọn tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti ṣiṣẹ́ nínú oko òwú. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń jẹ́ Pettway títí di òní, nítorí pé orúkọ ẹni tí ó ra oko náà ní 1845 ni. Òtútù ibẹ̀ mú ní ìgbà òtútù, ilé wọn kò sì dí. Nítorí náà àwọn ìyá ń fi ohunkóhun tí ó bá gbó rán ìbora, ìbáà ṣe ṣòkòtò oko, àpò tàbí ẹ̀wù.

Ní ọdún 1942, obìnrin kan nínú wọn, Missouri Pettway, wà nínú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó kó àwọn aṣọ tí ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ lóko, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Arlonzia, sì jókòó tì wọ́n. Wọ́n gé wọn, wọ́n sì rán wọn di ìbora kan kí ìyá náà lè máa rántí ọkọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní òru. A ka ibẹ̀ fún aya wa lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí a tún un kà.

Ohun mìíràn tí a rí nínú ìtàn ìletò náà kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ní 1966, àwọn obìnrin àgbègbè náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 1972, ilé ìtajà Sears gbé iṣẹ́ fún wọn láti máa rán ìbòrí ìrọ̀rí pẹ̀lú aṣọ corduroy, èyí tí ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà bí ebè. Gbogbo ìbòrí náà ni ó ní láti rí bákan náà, ìwọ̀n kan, ìrísí kan. Ṣùgbọ́n àgékù corduroy náà ń bá àwọn obìnrin lọ sí ilé, níbẹ̀ ni wọ́n sì ń fi í rán ìbora ti ara wọn, bí ó ti wù wọ́n. Iṣẹ́ titun tí ń mú owó wá ni ó ń bọ́ iṣẹ́ àtijọ́ ti inú ilé. Ní 2002 ni a kó àwọn ìbora ìletò náà lọ hàn ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Houston àti ní New York; ní 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi àwòrán 10 lára wọn ṣe sítáǹpù. Àwọn tí ó rán wọn kò retí irú ọlá bẹ́ẹ̀. Òtútù ni wọ́n ń lé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé wa. Bí a ó ti parí ìbora ìyá wa nígbà tí aṣọ rẹ̀ ti jóná ni ó kù. A ní ohun kan lọ́dọ̀ wa tí a kò tíì fi han ẹnikẹ́ni láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a jáde ilé ẹ̀kọ́, tí a sì gba iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyá wa pa aró, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdìrẹ kan fún wa, wọ́n sì rán an ní bùbá àti ṣòkòtò. Ó ti há wá mọ́ra, ṣùgbọ́n a tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, a sì máa ń ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A gbé e fún aya wa. Ó wò ó, ó wò wá, ó ní, “Ẹ rò ó dáadáa, Bàbá. Bí àlùmọ́gàjí bá ti kàn án, kò ní í padà.” A rò ó ní òru méjì. Ní ọjọ́ kẹta, a di ìpẹ̀kun aṣọ náà mú fún un bí ó ti ń gé e. Àgékù 155 ni ó nílò fún ojú 31. Ó rí i gé, ó sì ṣẹ́kù. Fún àgékù mẹ́rin mìíràn inú ojú kọ̀ọ̀kan, àńkárá ìgbéyàwó ọmọ wa ni ó lò.

Ibí yìí ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ó tijú wá. Ẹ̀yin mọ òwe tí Olúwa wa pa nígbà tí a bi í ní ọ̀ràn ààwẹ̀, nípa aṣọ titun tí a fi lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù. Ó lé ní ogún ọdún tí a ti ń ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn olùgbọ́. Aya wa ni ó fi hàn wá pé aránṣọ ni ó kọ́kọ́ yé. Aṣọ òwú tí a kò tíì fọ̀ rí máa ń súnkì nígbà tí omi bá kàn án, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti gbó ti súnkì tán láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá rán wọn pọ̀ láìfọ ti titun, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá fọ ìbora náà, ti titun yóò fà, ti àtijọ́ yóò sì ya. Nítorí náà, ó rẹ àńkárá náà sínú omi gbígbóná, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Aṣọ aláró tí kò tíì gba omi púpọ̀ ni ó máa ń dá fọ̀, títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, kí aró má baà jáde sára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ti titun àti ti àtijọ́ lè gbé pọ̀, bí a bá kọ́kọ́ mú ti titun la omi kọjá.

Ṣùgbọ́n ìgbà ń lọ, ọmọ wa ń sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀, iṣẹ́ méjì sì wà nílẹ̀. Báwo ni a ó ti ṣe wọ́n pọ̀? Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ránṣọ mọ̀ pé nígbà tí a bá parí ojú ìrán kan, a ní láti fa òwú gùn díẹ̀ kí a tó gé e. Nígbà tí a bá sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ìpẹ̀kun òwú lè wọ́ sí abẹ́ ẹ̀rọ kí ó sì lọ́ pọ̀. Nítorí èyí ni àwọn aránṣọ àgbà fi máa ń ti àkísà kékeré kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ láàárín ìrán méjì. Ohun tí aya wa ṣe ni pé ó mú àkísà náà kúrò, ó sì fi àgékù méjì ti ìbora ìyá wa dípò rẹ̀. Bí ó bá rán ìrán kan ti ọmọ, yóò rán ọ̀kan ti ìyá tẹ̀ lé e. Bí ó bá tún rán ti ọmọ, òwú yóò sì gé láàárín wọn níwọ̀nba. Lẹ́yìn èyí ni a rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, àti pé obìnrin kan, Bonnie Hunter, tẹ odidi ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 2010.

Àwa tí a fẹ́ràn ìṣirò gbé pẹ́ńsù. Ojú kan tí ó ní àgékù 9 ń gba ìrán 8: 6 láti so wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, 2 láti so ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ojú 20 ti ọmọ jẹ́ ìrán 160. Bí ó bá ń rán ọ̀kan ti ìyá mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìrán 160 ni yóò jẹ́ fún ti ìyá pẹ̀lú, èyí tí í ṣe ojú 20. Òwú tí ìbá ṣòfò ni ó ń rán an. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún aya wa kò sí nínú ìṣirò wa: ó ní nígbà tí òun kò jókòó ti aṣọ Ìyá ní ojúkojú, tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láàárín ti ọmọ, kò wúwo mọ́. Nígbà mìíràn a ń gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

Báyìí ni ó rí o. Ìbora ọmọ parí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọmọ tó dé. Obìnrin ni, ó sì sùn lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, a fi ojú wa rí i. Ìbora ìyá wa ti kúrò ní ojú 49, ó ti di 69. Ojú 11 ni ó kù ní ọjọ́ tí a ń kọ ìwé yìí.

Fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ àtijọ́ àti titun wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí a kó ohun tí a kọ́ jọ ní kúkúrú. Èkínní, ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀ tí yóò sọ ìwọ̀n àgékù, iye ojú tí ó yẹ kí ó jẹ́, àti iye tí ó kù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó kú nítorí pé ẹni tí ó ni ín gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀. Èkejì, ẹ má ṣe ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, ti àtijọ́ kan àti ti titun kan, kí òwú kan lè bọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹta, ẹ rán òwú mọ́ òwú: àdìrẹ àti àńkárá gbọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀sì yóò da ilé rú, aṣọ òkè sì nípọn jù fún wọn. Ẹ̀kẹrin, ẹ fọ ti titun dáadáa. Ẹ̀karùn-ún, ẹ ní ìgboyà láti sọ èyí tí kò ní parí di òmíràn. Aya wa tú ti ọjà ìkórè palẹ̀. Ó fi àńkárá inú rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ó sì sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bẹ̀rẹ̀ ni a jẹ ní gbèsè.

Ẹ̀yin baba, ẹ̀kọ́ tiyín jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kí ẹ tó pe ohun kan ní àkísà nínú ilé yín, ẹ bi ẹni tí ó dì í pamọ́ léèrè. A gbọ́ pé àwọn àgbà máa ń wí pé kí ọ̀nà okùn tó dí ni abẹ́rẹ́ ń lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá jẹ́ abẹ́rẹ́ fún wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà. A kò bèèrè, ọ̀nà sì dí.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, aránṣọ ojú ọ̀nà wa rán ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú àpò kan tí ó kún fún àgékù titun, pupa àti àwọ̀ ewé. Aya wa gbé e ka ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ń fi àwọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó ń tẹ orí. A mọ ohun tí ó ń bọ̀. A dìde, a mú ìṣó àti òòlù, a sì kan ìkọ́ kan mọ́ ara ògiri, ní ibi tí iná àti àlejò kò lè dé.